Ìpàdé Ọjọ́rú Nílé Bàbá Mi

Yàrá iwájú ilé wa ní Ìjòkú kì í ṣe tiwa láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló ni ín. Bàbá mi ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, tí gbogbo Ṣàgámù ń sọ pé ìgbà ọ̀tun ti dé. A gbé ibùsùn màmá mi tó ti kú kúrò níbẹ̀, a kó agbọ̀n obì rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì kan pátákó mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti pe bàbá mi lórúkọ mọ́ ládùúgbò. Alága ni wọ́n ń pè é, alága wọ́ọ̀dù. Àwa ọmọ náà, bí a bá ń wá ojúrere rẹ̀, Alága là ń pè é, á sì rẹ́rìn-ín.

Oníṣòwò obì ni, bí màmá mi, bí èmi náà ṣe jẹ́ lónìí. Sábó la ti ń tà. Àwọn oníbàárà wa láti Òkè Ọya á dé, wọ́n á jókòó ti agbọ̀n, wọ́n á máa yẹ obì wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ eyín ọmọdé wò. Ṣùgbọ́n bí Ọjọ́rú bá ti dé, kò sí oníbàárà tó lè dá bàbá mi dúró. Á kí ìrun Àsárì, á dé fìlà, á jókòó sẹ́yìn tábìlì ní yàrá iwájú, ìpàdé bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èmi ni mo máa ń gbé omi fún wọn, nítorí náà mo mọ bó ṣe ń darí wọn. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ láì nawọ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ilé. Káfíńtà lè dìde kó sọ fún káńsẹ́lọ̀ pé ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀, káńsẹ́lọ̀ á jókòó, á gbọ́. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ dìbò yan alága, bàbá mi jáde síta kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn láì máa wo ojú rẹ̀. Ó dúró lábẹ́ òrùlé aládùúgbò wa, ó ń fẹsẹ̀ fa ilẹ̀ bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò. Wọ́n pè é wọlé, wọ́n ní òun náà ni. Mo rí i pé omi lé ròrò sí i lójú.

“Ẹgbẹ́ tó bá ní òfin,” ó máa ń sọ fún wa nídìí oúnjẹ, “bí olórí rẹ̀ kú lónìí, ìpàdé á wáyé lọ́la.”

Mo gbà á gbọ́. Àbúrò mi ọkùnrin gbà á gbọ́ jù mí lọ. Àwa méjèèjì péré ni màmá wa bí kó tó kú. Láti kékeré ni àbúrò mi ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá iwájú, tó ń gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń jiyàn láì jà. Ó ní òun náà máa ṣe òṣèlú. Inú bàbá mi dùn sí i. Ó ní kó kàwé ná.

Ó kàwé. Ó jáde ní pólí, kò ríṣẹ́. Ó dúró, ó dúró, kò ríṣẹ́.

Ẹnì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Aṣáájú. Agbaṣẹ́ṣe ni, ilé ńlá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Òun ló ra àga oníke tó wà ní yàrá iwájú wa, òun ló ra àsíá àti pátákó, òun ló máa ń pèsè ọkọ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí Abẹ́òkúta. Bàbá mi bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan gbà pé Aṣáájú ló ni ẹgbẹ́. Ó jọ pé òun nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ fún ipò kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Aṣáájú àti àwọn àgbà ẹgbẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a gbọ́ ọ lórí rédíò pé ó ti lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, òun àti gbogbo ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Rẹ́mọ. Bàbá mi ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀.

“Gbogbo?” ó ní. “Ta ló bi mí?”

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó mú, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn tó sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Àwọn tó ń nawọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí bàbá mi fúnra rẹ̀ mú wọ ẹgbẹ́, dọ̀bálẹ̀.

“Alága, ẹ má bínú. Aṣáájú ní ká kó àwọn àga wá sí ẹgbẹ́ tuntun.”

“Ṣé àwọn àga náà ti gba káàdì ni?” bàbá mi bi í.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kó o. Wọ́n kó àga, wọ́n kó àsíá, wọ́n yọ pátákó lára ògiri, ihò ìṣó sì kù síbẹ̀.

“Ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀, Alága,” ni ọkùnrin náà wí. “Ipò yín ò yẹ̀. Aṣáájú ní ẹ̀yin náà ni alága wọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún.”

“Ta ló dìbò?”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ náà gbéra, àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré tẹ̀lé e nítorí àsíá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, mo rò pé ó máa jókòó ti ara rẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó kírun tán, ó gbé bẹ́ǹṣì láti ilé ìdáná lọ sí yàrá iwájú, ó dé fìlà, ó jókòó. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń bó obì. Mo fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Mo fọwọ́, mo yọjú sí i. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ara wọn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè fara dà á. Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ni ọ́?” ó bi mí.

“Mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ lónìí, sà.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ka Fátíhà, ó ṣí ìpàdé. Ó bi mí bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Mo nawọ́. Mo ní gọ́tà iwájú ilé ti dí. Ó ní ẹgbẹ́ ti gbọ́. Ó pa ìpàdé dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà lọ, lọ́jọ́ Ọjọ́rú gbogbo, àwa méjèèjì. Àwọn aládùúgbò á kọjá, wọ́n á wo inú ilé, wọ́n á yára lọ. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní orí Alága ti dà rú. Orí rẹ̀ pé pérépéré, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Àbúrò mi bá Aṣáájú lọ. Wọ́n ti ṣèlérí ipò káńsẹ́lọ̀ fún un. Lálẹ́ ọjọ́ tó sọ fún bàbá mi, mo rò pé ilé máa wó.

“Bàbá, ẹgbẹ́ tí ẹ ń sọ yìí, ta ló kù níbẹ̀?”

“Òfin rẹ̀ kù níbẹ̀.”

“Òfin ò lè gbà mí síṣẹ́, Bàbá. Mi ò kéré mọ́. Àwọn tá a jọ ṣeré ti bímọ.”

“Bí Aṣáájú bá tún fò lọ síbòmíì ńkọ́?”

“Màá tẹ̀lé e.”

Bàbá mi lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó bá a fi irin lọ fìlà tó máa dé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tuntun náà, ó nà án sí i. Àbúrò mi gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Ẹgbẹ́ méjì ń sùn lábẹ́ òrùlé kan. A ò jà.

Ẹgbẹ́ tuntun náà kò tíì gbó tó fi fọ́ sí igun méjì. Aṣáájú ló ni igun kan, ọkùnrin kan tó ń gbé Ògìjó ló ni igun kejì. Nígbà tó di ọjọ́ àpérò wọ́ọ̀dù, tí wọ́n máa yan àwọn aláṣẹ, igun kìíní kó jọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, igun kejì kó jọ sẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Kálukú ní òun ni ojúlówó. Mo wà ní Sábó, mò ń di obì sínú ewé, nígbà tí ariwo dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní òkúta ń fò. Wọ́n ní orí ẹnì kan ti fọ́. Wọ́n ní ọlọ́pàá ti ń kó ènìyàn. Mo sáré délé, bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ agbádá.

Àbúrò mi wà lára àwọn tí wọ́n kó. Nígbà tá a dé tẹ́ṣàn, wọn ò jẹ́ ká rí i. Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà wo bàbá mi láti òkè délẹ̀, ó sì fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ òṣèlú lèyí. Ẹ lọ pe aṣáájú yín wá. Àwọn tí aṣáájú wọn wá ti ń lọ.”

Òótọ́ ló sọ. Ojú wa ni wọ́n ṣe pe àwọn kan jáde, tí ọkùnrin kan tó wọ gílásì dúdú kó wọn sínú mọ́tò. Àwọn ọmọ igun kejì ni. Ẹnì kankan ò wá láti igun Aṣáájú.

A gba kẹ̀kẹ́ lọ sójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n ní ká jókòó sábẹ́ ìbòji lẹ́bàá ilé ẹ̀ṣọ́. Àwọn mọ́tò ńláńlá ń wọlé, wọ́n ń jáde. Bàbá mi dìde fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣí fìlà, nítorí kò mọ èyí tí Aṣáájú wà nínú rẹ̀. Mo ní kó jókòó, kò gbọ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mú fóònù lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì jáde wá bá wa. Akọ̀wé Aṣáájú ni.

“Alága, ẹ kú àtijọ́. Aṣáájú ò sí nílé.”

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ la gbọ́ ohùn Aṣáájú láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Akọ̀wé náà ò tijú.

“Ẹ wò ó, Alága, kí n sọ òótọ́ fún yín. Aṣáájú ti fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀. Àárọ̀ yìí ni wọ́n parí ọ̀rọ̀. Bó bá wá lọ gba béèlì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn báyìí, kí laráyé máa wí?”

“Ọmọ ẹgbẹ́ yẹn kọ́,” bàbá mi sọ. “Ọmọ tirẹ̀ ni. Nítorí tirẹ̀ ló ṣe lọ sí pápá náà.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Láàárọ̀ yìí ló kúrò níbẹ̀? Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àpérò?”

“Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i, sà.”

Ó padà wọlé. Ọmọ mi obìnrin, bí mo bá bí i, mi ò ní jẹ́ kó mọ irú ojú tí bàbá mi mú bọ̀ láti ibẹ̀. Àbúrò mi wà nínú àtìmọ́lé nítorí ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ ti fi sílẹ̀ kí òkúta àkọ́kọ́ tó fò. Òun ò mọ̀. Àwọn tó sọ ọ́ lókò náà ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ní ká lọ sí Ògìjó, ká lọ bẹ olórí igun kejì. Mo ní wọn ò ní gbọ́. Ó ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú kànga kì í bèèrè ẹni tó ni okùn. A lọ. Èéfín àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin bo ojú ọ̀run Ògìjó, ó sì ti sọ òrùlé ilé dúdú. Ọkùnrin náà gbà wá dáadáa, ó tẹrí ba díẹ̀ kí bàbá mi, ó ní kí wọ́n fún wa lómi. Mo ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi.

“Bàbá, mo mọ̀ yín,” ó ní. “Èèyàn ire ni yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni wọ́n fọ́ lórí. Bí mo bá ní kí wọ́n tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àwọn ọmọ mi á ní mo ti ta àwọn. Ẹ ò ṣe lọ bá ẹgbẹ́ tiyín? Ẹ̀yin ẹ ṣáà wà nínú ẹgbẹ́ àtijọ́. Ẹgbẹ́ yẹn ní lọ́yà.”

Bàbá mi dìde kíá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò tíì rò ó tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí òun náà béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òun. Nínú kẹ̀kẹ́ tá a gbà padà sí Ṣàgámù, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ lẹ́nu, ó ń tún un tò. Alága wọ́ọ̀dù ni. Láti ọjọ́ kìíní ló ti wà níbẹ̀. Kò yẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ ò ní ṣàìdá a lóhùn.

Ìsàlẹ̀ ilé tí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. A gòkè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun nìkan, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí bàbá mi dé ibi tó ti ń sọ pé “gẹ́gẹ́ bí alága wọ́ọ̀dù”, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Alága, ṣé wọn ò sọ fún yín ni?”

“Sọ kí ni?”

“Wọ́n ti tú gbogbo wọ́ọ̀dù ká. Ó ti pẹ́. Ìgbìmọ̀ fìdíhẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí.”

“Ta ni alága wọ́ọ̀dù mi?”

“Kò sí. Wọn ò tíì yan ẹnì kankan.”

Bàbá mi jókòó. Ó wo àwòrán àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó wà lára ògiri. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn, wọn ò tíì ráyè yọ àwòrán wọn ni.

“Nígbà tí wọ́n tú wa ká,” ó bèèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “ṣé wọ́n pe ìpàdé?”

“Orí wásáàpù ni, Alága. Mo rò pé ẹnì kan ti fi hàn yín.”

Mo di apá bàbá mi mú bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ hó gèè, àmì ayò ti wọlé. Lẹ́bàá títì, ó dúró, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mo ń gbọ́ títí dòní.

“Ta wá ni mo ń ṣe alága fún láti ìgbà yẹn?”

“Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo ń wá.”

Mo sọ ọ́ kí ara lè tù ú. Ó bú sẹ́kún. Mi ò rí i kó sunkún nígbà tí màmá mi kú. Lójú títì, níṣojú àwọn ọlọ́kadà, ó fi etí agbádá nu ojú, ẹkún náà ò dá.

Wọ́n wá jẹ́ ká rí àbúrò mi kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ètè rẹ̀ wú. Ó di irin mú, kò wo ojú mi, bàbá mi ló ń wò.

“Bàbá, ṣé Aṣáájú ti gbọ́?”

Bàbá mi ò purọ́ fún wa rí, kódà nígbà tá a wà lọ́mọdé tá a bá bèèrè ibi tí màmá wa lọ.

“Ó ti gbọ́,” ó ní. “Ó ń bọ̀.”

Àbúrò mi mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ̀lú ètè wíwú náà. “Mo mọ̀,” ó ní. “Mo ti ń sọ fún wọn nínú ibí pé kò lè gbàgbé wa.”

Adájọ́ ní kí wọ́n mú onídùúró wá. Ìyálọ́jà àwọn olóbì ní Sábó, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ òṣèlú, gbọ́ ọ, ó pe ìpàdé àwọn olóbì. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹgbẹ́ tí àbúrò mi ń ṣe. Wọ́n ní ọmọ olóbì ni, wọ́n ní Ìyálọ́jà ni kó dúró fún un. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti géètì pa. Ìyálọ́jà dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilé rẹ̀ nínú àpò ọ̀rá, ó bá àgádágodo lẹ́nu géètì. Ó tún lọ. Ó tún lọ. Gbogbo àkókò òjò yẹn ni àbúrò mi lò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, láìsí ẹjọ́, láìsí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀.

Mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó máa ń bi mí pé kí ni Aṣáájú wí. Mo máa ń sọ fún un pé kó jẹun. Ìgbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Ara rẹ̀ yọ èélá, ikọ́ gbé e dè, ó ń jẹun bí ẹni tó ń gbé ẹrù. Lọ́jọ́ kan ó kàn sọ fún mi jẹ́ẹ́ pé ẹnì kan nínú yàrá àwọn ní rédíò.

“Ẹ sọ fún Bàbá pé mo ti gbọ́ ti Aṣáájú,” ó ní.

Mi ò sọ fún Bàbá.

Bó ṣe jáde kò jẹ mọ́ ẹjọ́ àti òfin. Aṣáájú àti ọkùnrin Ògìjó ló parí ìjà. Ọkùnrin Ògìjó náà fi ẹgbẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ sọ òkúta sílẹ̀, ó lọ bá Aṣáájú nínú ẹgbẹ́ kẹta. Àwòrán wọn wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn ní Sábó, wọ́n dì mọ́ra, eyín gbogbo wọn wà níta. Nígbà tí kóòtù padà ṣí, olùpẹ̀jọ́ ò yọjú. Ọmọ tí wọ́n fọ́ lórí náà ò yọjú, wọ́n ti ní kó jẹ́ kó tán. Adájọ́ ní kí àbúrò mi máa lọ sílé rẹ̀. Ìyálọ́jà ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé e wá.

Bàbá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ fún un látòkèèrè, bí ẹni ń kí àlejò.

“Ẹ ní ó ti gbọ́,” ó ní. Ó ṣì wà nílẹ̀. “Ẹ ní ó ń bọ̀.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ nínú ibẹ̀ yẹn?” bàbá mi sọ. “Bí mo bá sọ òótọ́, kí lò bá fi gbé e?”

Àbúrò mi dìde. Ó wọlé. Kò lè sùn nínú yàrá, ó ní ògiri ń sún mọ́ òun. Ẹ̀yìnkùlé ló ń sùn, láàárín àwọn agbọ̀n obì, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀. Èmi àti bàbá mi ò sọ̀rọ̀ ìpàdé mọ́. Ọjọ́rú á dé, á kírun, á jókòó sórí ẹní níbi tó ti kírun, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo gbìyànjú láti mú un lọ sí Sábó kó lè gbàgbé. Ó jókòó ti agbọ̀n, ó ń mú obì tó ti jẹrà, ó ń dá a padà sáàárín èyí tó dára, kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún wá. Ìbò ń bọ̀, ẹgbẹ́ kẹta ń wá ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú ọ̀dà. Àwọn kan náà ni. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́sí tún dọ̀bálẹ̀.

“Alága, Aṣáájú kí yín. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ dùn ún gan-an. Ó ní káńsẹ́lọ̀ ti àbúrò wa ń bẹ nílẹ̀ fún un, lọ́tẹ̀ yìí kò sí ariwo.”

Bàbá mi di férémù ìlẹ̀kùn mú. “Ẹ kúrò nílé mi,” ó ní. Èdè Rẹ́mọ tí kì í sọ fún àlejò ló fi sọ ìyókù, ó gùn, ó sì le. Wọ́n dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù, bí ènìyàn ṣe ń dúró kí òjò dá.

Àbúrò mi jáde wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ó rù débi pé ṣòkòtò rẹ̀ ń yọ̀. Mo rò pé ó máa bínú. Mo ti mú ọmọrí odó lọ́wọ́, kí n sọ òótọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀, mo máa bá a parí rẹ̀.

Ó rọra tú ọwọ́ bàbá mi kúrò lára férémù, ìka kan tẹ̀lé ìka kejì.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, Bàbá.”

“Ìwọ?” bàbá mi ní. “Ìwọ fúnra rẹ?”

“Ibo ni kí n lọ, Bàbá? Ẹ sọ ibì kan fún mi. Ẹ sọ ẹgbẹ́ kan tí kò rí báyìí, màá lọ síbẹ̀ ní báyìí.”

Bàbá mi wá ọ̀rọ̀. Mo rí i tó ń wá a, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó wò mí, bóyá ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi. Kò sí lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ìlẹ̀kùn yàrá iwájú, ó bá wọn gbé àga.

Mo mú bàbá mi lọ sí yàrá rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo fi omi tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Òórùn ọ̀dà ń wọlé. Láti ọ̀hún, àwọn tó wà ní yàrá iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ẹgbẹ́, ẹnì kan ń kígbe àkọmọ̀nà ẹgbẹ́, àwọn yòókù ń dáhùn. Orin náà ò yé mi dáadáa, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo dá ohùn ẹni tó ń kígbe mọ̀, nítorí ikọ́ ń já a lẹ́nu.

Bàbá mi gbé orí sókè díẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí.

“Ẹgbẹ́ wo nìyẹn?” ó bi mí.

“Mi ò mọ̀, Bàbá,” mo ní.